Ìfalẹ̀ Íntánẹ́ẹ̀tì lórí Ẹ̀rọ Gémù Inú Ilé: Ọ̀rọ̀ Kan fún Àìsàn Mẹ́rin

1. Ìfáàrà

Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ni ọlọ́dún mẹ́fà, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, nínú èyí tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 àti 1990 ni apá kìíní àti apá kejì ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí wọ́n sì pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Àwọn iṣẹ́ méjèèjì yìí ti fi hàn pé Yorùbá lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìdánwò mìíràn ni ó wà nílẹ̀ báyìí: bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ènìyàn ní lọ́wọ́ lè tọ́ ọ sọ́nà dé ibi tí àṣìṣe wà?

Ẹ̀rọ gémù inú ilé jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó bá ìbéèrè yìí mu. Nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú mìíràn, PlayStation, Xbox tàbí Nintendo Switch wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Bí ọmọ bá ń bá ẹni tí ó wà ní òkèèrè gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ náà, tí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì tètè dá a lóhùn, yóò ké pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò yára. Òbí rẹ̀ yóò ra dátà tí ó ju ti àná lọ. Owó yóò lọ. Àìsàn kò ní lọ. Ohun tí ó fà á ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyára, ni wọ́n fi bo ohun mẹ́rin mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jọra. Ògbufọ̀ tí ó bá sì kọ ìyára síbi gbogbo nínú ìwé ìlànà ẹ̀rọ ti kọ́ òǹkàwé rẹ̀ láti ná owó sí ibi tí kò yẹ.

2. Kíkó àti rírán

Bí ọkọ̀ agbégilódò bá kó ẹgbẹ̀rún iṣu láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn, ó lè lo odidi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà. Bí ọlọ́kadà bá gba lẹ́tà kan ní Ṣakí ní òwúrọ̀, yóò ti fà á lé olówó lọ́wọ́ ní Ìbàdàn kí ọjọ́ tó rọ̀. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó yára? Bí ó bá jẹ́ iye iṣu tí ó dé Ìbàdàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń wò, agbégilódò ni. Bí ó bá jẹ́ àkókò tí ohun kan ṣoṣo gbà lójú ọ̀nà ni, ọlọ́kadà ni. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nípa ọ̀rọ̀-ìṣe: ohun tí ó pọ̀ ni wọ́n ń kó, iṣẹ́ ni wọ́n ń rán. Orí ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tuntun kà.

Ohun kìíní ni iye tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì lè kó wọ inú ilé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀n ìkówọlé ni orúkọ tí ó bá a mu; ti ohun tí ń jáde kúrò nílé sì ni ìwọ̀n ìkójáde. Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gba gémù tuntun sílẹ̀. Gémù tí ó tó gígábáìtì 50 kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Níwọ̀n bí báìtì kan ti jẹ́ bíìtì 8, gémù náà jẹ́ bíìtì bílíọ̀nù 400. Bí okùn ilé bá ń kó bíìtì mílíọ̀nù 10 wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gba 40,000 ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí ó lé díẹ̀ ní wákàtí 11. Bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù 50, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 13 ni. Ní ibi yìí, ẹni tí ó ra okùn tí ó fẹ̀ jù kò ṣe àṣedànù. Kí ó kàn kíyè sí i pé bíìtì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń kà fún òun, báìtì ni ẹ̀rọ gémù fi ń wọn gémù.

Ohun kejì ni àkókò tí iṣẹ́ kan fi lọ tí èsì rẹ̀ fi bọ̀. Latency ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n sí. Àkókò àlọ-àbọ̀ ni ó yẹ ẹ́. Nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́, ìwọ̀nba bíìtì díẹ̀ ni ẹ̀rọ ń rán, ṣùgbọ́n ó ń rán wọn lemọ́lemọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè dé. Wáyà abẹ́ òkun MainOne, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000 láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé Pọ́túgàlì. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 nínú dígí wáyà bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà àlọ láti Èkó kò lè dín púpọ̀ sí ìdá 35 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, àlọ àti àbọ̀ yóò sì jẹ́ 70, kí wọ́n tó ka ìdádúró ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Bí kọ̀ǹpútà tí ó ń darí eré bá wà ní Yúróòpù, kò sí iye dátà tí òbí lè rà tí yóò sún Yúróòpù mọ́ Èkó.

Ọ̀nà ojú ọ̀run fi èyí hàn kedere sí i. Sátẹ́láìtì àtijọ́ tí ó dúró sójú kan wà ní kìlómítà 35,786 lókè ilẹ̀. Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gòkè kí ó sọ̀kalẹ̀, kí èsì náà tún gòkè kí ó sọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, bí ìwọ̀n ìkówọlé rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ tó. Àwọn sátẹ́láìtì Starlink, tí ó dé Nàìjíríà ní 2023, ń fò ní nǹkan bí kìlómítà 550, nítorí náà ìrìn àjò náà kúrú níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, 2024, nígbà tí wáyà mẹ́rin bàjẹ́ nínú òkun nítòsí Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tí ó bá sì rí ọ̀nà mìíràn gbà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lè yí ká ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé.

Ohun kẹta ni pé àkókò àlọ-àbọ̀ lè má dúró sójú kan. Bí iṣẹ́ kan bá gba 80, tí èyí tí ó tẹ̀lé e gba 300, tí ẹ̀kẹta tún padà sí 90, eré yóò máa há, yóò sì máa fò. Jitter ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìségesège àlọ-àbọ̀ sọ ọ́ tán, nítorí ohun tí kò gún régé tí kò sì dọ́gba ni Yorùbá ń pè ní ségesège.

Ohun kẹrin ni ìsọnù ìdì. Ìdì ni ẹyọ ẹrù kékeré tí wọ́n dì, tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí lára, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ìlànà TCP máa ń tún ìdì tí ó sọnù fi ránṣẹ́. Nítorí náà, bí ìdì bá ń sọnù nígbà tí gémù ń wọlé, gbígbà rẹ̀ yóò falẹ̀. Ìlànà UDP, tí wọ́n gbé jáde ní 1980, kì í tún un rán. Òun ni ọ̀pọ̀ eré tí ń lọ lọ́wọ́ ń lò, nítorí ìròyìn ibi tí bọ́ọ̀lù wà ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ó kọjá kò wúlò mọ́. Bí ìdì bá sọnù níbẹ̀, ọ̀tá tí ó wà lápá ọ̀tún yóò ṣàdédé fara hàn lápá òsì.

3. Àgùnjù ìlà

Ìdí kan wà tí ó sábà máa ń bí ìpẹ́ àti ìségesège pọ̀ nínú ilé, tí ó sì yẹ fún orúkọ tirẹ̀. Kí òǹkàwé wo ẹ̀rọ omi àdúgbò. Ẹnì kan to ogún àgbá síwájú. Ọmọ kékeré kan wá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ife kan ṣoṣo. Omi ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò pẹ́ kí ó tó bu ti ife rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú ráútà nígbà tí ẹnì kan nínú ilé bá ń fi fídíò ránṣẹ́, tàbí tí fóònù bá ń kó àwòrán lọ sí ibi ìpamọ́ lójú ẹsẹ̀ tí eré ń lọ lọ́wọ́. Ìdì fídíò ni àgbá, ìdì eré ni ife.

Jim Gettys ni ó pe àfiyèsí àwọn onímọ̀ sí àìsàn yìí ní 2010. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ìlànà CoDel jáde, èyí tí ó ń ṣọ́ iye àkókò tí ìdì ti lò lórí ìlà, tí kì í sì í jẹ́ kí ìlà náà gùn rékọjá. Àgùnjù ìlà ni orúkọ tí ó bá àìsàn náà mu, ní ìbámu pẹ̀lú àpọ̀jù àti àsọjù tí ó ti wà nínú èdè.

4. Ìlànà àyẹ̀wò

Bí àwọn ọ̀rọ̀ yìí bá ti wà lọ́wọ́, àyẹ̀wò yóò ní ètò. Ìgbésẹ̀ kìíní ni láti lo ìdánwò íntánẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú ẹ̀rọ gémù. Ti PlayStation máa ń sọ ìwọ̀n ìkówọlé àti ìwọ̀n ìkójáde. Ti Xbox tún máa ń sọ àkókò àlọ-àbọ̀ àti ìsọnù ìdì. Bí ìwọ̀n ìkówọlé bá dára tí eré sì ń há, kí òbí má ṣe ra dátà kún un.

Ìgbésẹ̀ kejì ni láti fi wáyà so ẹ̀rọ gémù mọ́ ráútà. Bí ara bá yá lójú ẹsẹ̀, Wi-Fi ni àìsàn wà. PlayStation 4 àkọ́kọ́, ti 2013, kò mọ ìgbì mìíràn ju ti gígáhẹ́ẹ̀sì 2.4 lọ. Ìgbì yìí ń la ògiri kọjá ju ti 5 lọ, ṣùgbọ́n àwọn ilé tí ó yí ni ká ń lò ó, ààrò máíkíróweefù pàápàá ń da á láàmú. Ráútà tí ó wà lórí ojú ọ̀nà 1, 6 tàbí 11 kì í gun orí èyí tí ó wà lórí òmíràn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ẹ̀rọ tí ó mọ ìgbì 5, bí àwọn PlayStation 4 tí ó jáde ní 2016, yóò jàǹfààní rẹ̀ bí wọ́n bá wà nítòsí ráútà. Ìdúró Nintendo Switch ti 2017 kò ní ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun àfikún tí wọ́n ń kì bọ ihò USB rẹ̀ ni yóò bá a ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kí gbogbo ará ilé dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí eré bá tún lọ geere, àgùnjù ìlà ni. Ráútà tí ó ní ètò ìṣọ́-ìlà ni oògùn rẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n dín ìwọ̀n ìkójáde àwọn yòókù kù, tàbí kí wọ́n fi ìkósílẹ̀ sí òru.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni láti yan agbègbè tí ó súnmọ́ ilé jù, bí eré náà bá fún ènìyàn ní yíyàn. Níkẹyìn, ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé bí wọ́n bá yí DNS padà sí 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1, eré yóò yára. DNS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, jẹ́ atọ́ka àdírẹ́sì: ó dà bí ẹni tí àlejò ń bi léèrè ilé. Bí ẹni náà bá tètè fèsì, àlejò yóò tètè gbéra, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò ní kúrú sí i nítorí bẹ́ẹ̀. Yíyí i padà wúlò nígbà tí atọ́ka àtijọ́ bá ń pẹ́ tàbí tí ó bá kú. Kò dín àkókò àlọ-àbọ̀ inú eré kù.

5. Àlàyé lórí àwọn ọ̀rọ̀ náà

Àwọn kan lè ní kí wọ́n fi píǹgì, ọ̀rọ̀ àyálò tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò, dúró fún àkókò àlọ-àbọ̀. Ní 1983 ni Mike Muuss kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ ping, tí ó sì fi ìró ẹ̀rọ tí ń fi ohùn wá nǹkan lábẹ́ omi sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí ìdí láti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn aṣeré. Nínú ìwé àti nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n, àkókò àlọ-àbọ̀ ń sọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n, píǹgì kò sì sọ ọ́. Méjèèjì lè jọ wà, bí orúkọ àti oríkì.

Ní ti ìdì, àmì ohùn ni yóò gbà á là. Ìdì ni ẹrù tí wọ́n dì. Idì ni ẹyẹ. Ìdí ni ohun tí ó fa nǹkan. Bí ìwé ìlànà bá kọ “isonu idi” láìsí àmì, òǹkàwé lè rò pé nǹkan ṣẹlẹ̀ láìnídìí. Ẹni tí ó bá ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àmì sí i.

Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ náà nìyí:

Ìwọ̀n ìkówọlé, ìwọ̀n ìkójáde: iye bíìtì tí ń wọlé tàbí tí ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.
Àkókò àlọ-àbọ̀: àkókò tí iṣẹ́ kan fi lọ tí èsì rẹ̀ fi dé.
Ìségesège àlọ-àbọ̀: àìdọ́gba àkókò náà láti ìgbà dé ìgbà.
Ìdì, ìsọnù ìdì: ẹyọ ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́, kíkùnà rẹ̀ láti dé.
Àgùnjù ìlà: ìpẹ́ tí ó wá láti inú ìlà ìdúró ráútà.
Atọ́ka àdírẹ́sì: ètò tí ń sọ àdírẹ́sì orúkọ kan fún ẹ̀rọ.

6. Ìkádìí

Bí òbí bá pe ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ó sì wí pé, “Ìwọ̀n ìkówọlé wa dára, a ti fi wáyà so ó, kò sí ẹlòmíràn tí ń lò ó, síbẹ̀ ìdì ń sọnù,” ẹni tí ó gbé fóònù ní ọ̀hún kò ní lè rọ̀ ọ́ láti ra dátà sí i. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi àwọn ọ̀rọ̀ náà dán kíláàsì wò, nítorí ìṣirò ìmọ́lẹ̀ inú wáyà kò ju pípín lásán lọ. Ó tọ́ kí àwọn ògbufọ̀ náà gbé wọn yẹ̀wò nígbà tí wọ́n bá ń túmọ̀ ìwé ìlànà ẹ̀rọ, kí wọ́n sì jábọ̀ èyí tí ó yọ̀ lẹ́nu àwọn òǹlò àti èyí tí wọ́n kọ̀.