Àwọn Àgbẹ̀ Àjàrà Òkè Douro

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ń ra irè oko, ẹ gbọ́ ìtàn àwọn àgbẹ̀ àfonífojì odò Douro, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Potogí. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ kìkì òkè àti òkúta. Àwọn baba wọn fi ọwọ́ fọ́ òkúta náà, wọ́n fi í mọ ògiri, wọ́n sì sọ ẹ̀gbẹ́ òkè di ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn. Lórí ìpele wọ̀nyí ni wọ́n ń gbin àjàrà tí a fi ń ṣe ọtí wáìnì.

Nígbà tí ó fi di ọdún 1750, ọtí wọn ti lókìkí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bí owó ti ń wọlé ni ojúkòkòrò ń wọlé. Àwọn kan ń da oje èso igi elderberry, tí ó dúdú bí ẹ̀lú, sínú ọtí tí kò dára, kí ó lè ní àwọ̀ ọtí gidi. Oníṣòwò ń dá àgbẹ̀ lẹ́bi, àgbẹ̀ ń dá oníṣòwò lẹ́bi. Iye owó sì wálẹ̀ fún olóòótọ́ àti alábùlà bákan náà.

Ní 1756, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti bójú tó ọjà náà. Láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n ri òpó òkúta mọ́lẹ̀ láti pààlà ilẹ̀ tí ọtí rere ti ń wá, wọ́n ya ọtí sí ìsọ̀rí, wọ́n fi iye owó lé e, wọ́n sì pàṣẹ kí a hú igi elderberry. Òfin náà le: ní 1757 àwọn ará Porto ṣọ̀tẹ̀ sí i, a sì pa àwọn kan nínú wọn. Síbẹ̀, orúkọ ọtí náà padà bọ̀ sípò.

Ìyọnu mìíràn dé ní àwọn ọdún 1860: kòkòrò phylloxera, tí ń jẹ gbòǹgbò àjàrà. Ọ̀pọ̀ ìpele di ahoro títí di òní. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbin gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, tí ara rẹ̀ gba kòkòrò náà, wọ́n sì lọ́ ẹ̀ka àjàrà ìbílẹ̀ wọn mọ́ ọn. Báyìí ni irú Touriga Nacional kò ṣe parun. Èso rẹ̀ kéré, kì í sì í so púpọ̀, ṣùgbọ́n ọtí rẹ̀ lágbára.

Àgbẹ̀ tí ó ní irúgbìn rere, kí ó má ṣe sọ ọ́ nù nítorí pé kò so púpọ̀. Ẹni tí ń ra kòkó tàbí ẹ̀pà, kí ó má ṣe da èyí tí ó bu pọ̀ mọ́ èyí tí ó gbẹ dáradára. Ẹnìkan níí bu ọjà là; gbogbo wa ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.