Kí Ló Wà Lábẹ́ Òjò Dídì Náà?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi àtijọ́, tó ń gbé ní Colorado báyìí, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òkè funfun báláú, oòrùn ń ràn. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta fẹ́ gùn ún lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n sì fi síkì yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Prof, ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí òjò dídì rọ̀ kẹ́yìn. Ṣé ewu ṣì wà níbẹ̀, sà?"

Mo ní ó wà. Èsì mi gùn, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí fún gbogbo yín.

Ẹni tó bá rántí iṣẹ́ wa lórí bí ilẹ̀ ṣe ń ya á mọ̀ pé kì í ṣe ìwúwo ohun tó wà lókè nìkan là ń wò; ibi tí kò lágbára nísàlẹ̀ la máa ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò dídì, ìpele lórí ìpele ló ń rọ̀. Ní Colorado, ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gìnnìtìn kì í sábà nípọn, òtútù òru sì máa ń mú gan-an. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ á wà ní bíi 0°C, ojú òkè á tutù jù ú lọ fíìfíì. Tí ìyàtọ̀ náà bá ju bíi 1°C lọ nínú sẹ̀ǹtímítà 10, ọ̀rinrin á máa gba àárín hóró gòkè, á sọ wọ́n di hóró ńlá onígun tí kò lẹ̀ mọ́ra. Ẹ bu gààrí gbígbẹ, kí ẹ fún un mọ́wọ́, kí ẹ wá lajú ọwọ́: gbogbo ẹ̀ á ṣàn lọ. Mo ti fọwọ́ ara mi bu ú rí níbẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn.

Tí òjò dídì ńlá bá wá rọ̀ lé e, tàbí tí atẹ́gùn gbá òmíràn jọ sórí rẹ̀, ó di pátákó lórí gààrí. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí ẹnìkan á fi gẹsẹ̀ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìjàǹbá tó ń pa àwọn onísíkì, ẹni tó kú tàbí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kó ya.

Colorado Avalanche Information Center máa ń gbé ìkìlọ̀ jáde lójoojúmọ́ nígbà òtútù, láti 1 dé 5. Èmi ò bẹ̀rù 5 tó 3. Ní 5, kálukú á jókòó sílé, ní 3, wọ́n á ní "kò le tó yẹn."

Ìdagẹ̀rẹ̀ tó wà láàárín dígírì 30 sí 45 ló sábà máa ń ya. Fóònù lè wọ̀n ọ́n. Àmọ́ ẹni tó dúró sí ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ náà lè mú kó ya lókè orí ara rẹ̀ o.

Ìdánwò kan wà tí Ron Simenhois àti Karl Birkeland gbé jáde ní 2006. Ẹ ó gbẹ́ ihò, ẹ ó gé òpó òjò dídì kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó sì wọnú ní 30. Ẹ ó gbé ṣọ́bìrì lé ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó gbá a nígbà 10 láti ọrùn ọwọ́, 10 láti ìgúnpá, 10 láti èjìká. Tí ìlà bá sáré já gbogbo òpó náà, ẹ máa lọ sílé. Tí kò bá já ńkọ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Òpó kan ṣoṣo lẹ dán wò. Mítà mélòó kan sí i, gààrí náà lè nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò yẹn lè ní kẹ́ ẹ má lọ. Kò lè fún yín láyè láti lọ.

Tí ẹ bá sì gbọ́ "gbùù" lábẹ́ ẹsẹ̀, bíi pé ilẹ̀ mí kanlẹ̀, gààrí ló wó yẹn. Ẹ má tún gbẹ́ ihò kankan mọ́, ẹ yí padà.

Mo béèrè bóyá kálukú ní ẹ̀rọ tó ń fi àmì ránṣẹ́, ọ̀pá ìwádìí àti ṣọ́bìrì. Ẹni tí wọ́n bá hú jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 sábà máa ń yè. Tó bá fi tó ìdajì wákàtí, ọ̀pọ̀ ti kú. Hẹlikópítà ò lè tètè dé tó bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ Sátidé ló pè mí. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi gbọ́ gbùù náà, wọ́n sì yí padà. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ṣì ń kùn pé ọ̀nà wákàtí méjì làwọn wa mọ́tò wá síbẹ̀. Mo ní kó bá mi kí i.