Ohun Tí Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì Ń Tà

Nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kékeré, irú èyí tó wà ní Òjòkú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, tàbí ní Ọ̀fà tó múlé gbè é, ọkọ̀ tó dúró máa ń pọ̀ ju èyí tó ń lọ tó ń bọ̀. Píjò 504 tí koríko ti yọ lábẹ́ rẹ̀, Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ti sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀, Camry tí wọ́n ti ha ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò tí kò tíì rí ọ̀dà tuntun. Àlejò á ní ààtàn irin ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹni tó ń bọ̀ wá wò ó, tó mọ ohun tó kù lára rẹ̀, tó sì ti san apá kan nínú owó iṣẹ́. Bí owó bá ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń lọ. Èrò mi ni pé àwọn ọkọ̀ tó dúró yìí gan-an ló ń sọ irú ilé iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù kékeré jẹ́. Gbogbo wa la gbà pé owó pọ́ọ́kú ló ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀. Owó pọ́ọ́kú wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àsìkò ni ọjà tó ń tà jù, ó sì ṣòro kí ọlọ́kọ̀ rí i rà níbòmíràn.

Ẹ wo bí ìṣirò náà ṣe ń lọ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àgbẹ̀ tó ń kó iṣu lọ sọ́jà, ọmọ tó jogún ọkọ̀ bàbá rẹ̀, kò sí èyí tó ń rí owó tó lè tún odindi ọkọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Owó máa ń dé nígbà ìkórè, tàbí nígbà tí èésú bá kàn wọ́n, tàbí nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì tó ti pẹ́ nílẹ̀ bá jáde. Mẹkáníìkì á kọ ohun tó nílò sórí ìwé pélébé, ẹni tó lọ́kọ̀ á sì mú un lọ sí Ìlọrin, tàbí Arárọ̀mí tó wà ní Géètì n'Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ ní Mushin bí ohun náà bá ṣọ̀wọ́n. Ó lè ra gáskẹ́ẹ̀tì àti ríìngì lóṣù yìí, kó má tún yọjú títí oṣù mẹ́ta. Láàrin ìgbà náà, ilẹ̀ ọ̀gá ni ọkọ̀ rẹ̀ wà, ọ̀gá kò sì ní gba owó ìdúró lọ́wọ́ rẹ̀. Tí owó bá tún dé, ọkọ̀ á bọ́ sọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà, tó máa gé abẹ́ tó ti dípẹtà kúrò, tó máa fi gáàsì tí wọ́n ń pò láti inú omi àti kábáìdì jó irin míì mọ́ ọn. Láti ibẹ̀ ó di ti pẹ́ńtà, ó di ti rìwáyà, ó di ti ẹni tó ń rán ìjókòó. Oníkálukú wọn ló dá dúró, oníkálukú ló sì ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń ka wákàtí, tí àyè tí ọkọ̀ dúró sí jẹ́ owó, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á ti jẹ gbèsè tó ju iye tí wọ́n lè tà á lọ kí wọ́n tó parí ìdajì iṣẹ́.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí kì í ṣe ohun tó hù lẹ́yìn tí fákítọ̀rì kú. Wọ́n ti wà ṣáájú fákítọ̀rì. William Akínọlá Dáwódù, ará Èkó tó kú lọ́dún 1930, wà lára àwọn aṣáájú òwò mọ́tò nílẹ̀ wa, mẹkáníìkì sì ni. Nígbà ayé bọ̀lẹ̀kájà, orí ẹ́ńjìnnì àti férémù irin tó wá láti òkè òkun ni àwọn káfíńtà tiwa ti ń kan ilé pákó. Lẹ́yìn náà, àwọn wẹ́dà kan ara mólúè Èkó sórí férémù lọ́rì Mercedes 911. Ọdún 1975 ni PAN, ilé iṣẹ́ Píjò ní Kàdúná, àti ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń retí àtira 504 tàbí Ìjàpá tuntun. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé lọ́dún 1986, náírà wó, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ẹni tó ń gbowó oṣù, tòkunbọ̀ sì gba ojú títì láti ọ̀nà Kútọnu. Volkswagen tó wà l'Ékòó kò to ọkọ̀ mọ́ kí ọdún 1990 tó tán, iṣẹ́ Kàdúná náà sì rọ̀ jọwọlọ. Síbẹ̀ 504 kò parẹ́ lójú títì. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Faransé, wọ́n sì ti dáwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀ ní 1983. Ta ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà? Kì í ṣe ẹni tó ṣe é.

Irú ọkọ̀ tí 504 àti Ìjàpá jẹ́ tún ran àwọn mẹkáníìkì lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù, kò ní rediétọ̀, bóòtù mẹ́rin péré ló sì so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Èèyàn méjì tó mọ iṣẹ́ á sọ ọ́ kalẹ̀ láìpẹ́ rárá. Kábúrétọ̀, pọ́ọ̀gì, kọ́ntáàtì, ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ ń bà ni gbogbo wọn. Bí irin kan bá jẹ, ẹni tó ní ẹ̀rọ léèdì lè gbẹ́ òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á yọ ti 505 fi rọ́pò ti 504. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kan fẹ́ ṣe ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́ lọ́dún 2014, Ìjàpá ló mú, mo sì gbà pé kì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀. Ní Kúbà, tí Amẹ́ríkà ti òwò mọ́ láti 1962, àwọn Chevrolet àti Ford tí wọ́n ti rà kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ṣì ń kó èrò ní Havana, ẹ́ńjìnnì dísù láti orílẹ̀-èdè míì sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí a bá fi ti àwọn ará Kúbà wé tiwa, ohun kan náà ló hàn: kì í ṣe irin ló ń tọ́jọ́, àwọn èèyàn tó láyè láti dúró tì í ni.

Wọ́n á ní olè ni mẹkáníìkì. Wọ́n á ní á yọ pọ́ọ̀ǹpù tó dáa lára ọkọ̀ ẹ, á fi aláìdáa sí i, á sì gbé ọkọ̀ oníbàárà lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ò ní sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀sùn yìí ti ń gbilẹ̀: ìlú ńlá, níbi tí ọlọ́kọ̀ àti mẹkáníìkì ò ti mọ ilé ara wọn. Ní ìlú tó mọ níwọ̀n bí Òjòkú, agbo ilé ọ̀gá kò ṣàjèjì, mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ kò ṣàjèjì, bí ọ̀rọ̀ bá sì yí padà, ẹjọ́ á dé iwájú àwọn àgbà kó tó dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan gbára lé ìtìjú tí yóò bá ọ̀gá bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́. Òun náà sì wà lábẹ́ ìtìjú yẹn, torí ọ̀gá ti náwó, ó ti lo agbára, ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ìlú sì mọ ẹni tí kò tíì sanwó. Àdéhùn láìsí ìwé ni. Ó ní àléébù tirẹ̀, kò sì lè gba àlejò tó kan ń kọjá lọ, tí mẹkáníìkì lè bu owó lé lórí tìrọ̀rùntìrọ̀rùn.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ òṣì ni jíjí ọkọ̀ tó ti kú, pé ọkọ̀ àtijọ́ ń tú èéfín olóró, bíréèkì rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó sì yẹ kí ìjọba pa á rẹ́ lójú títì. Ìròyìn UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí àyíká, ní October 2020 sọ pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni wọ́n kó láti Yúróòpù, Jàpáánù àti Amẹ́ríkà lọ sí ìlú mìíràn láàrin 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Bíréèkì àti iná kò ní àwáwí, ọkọ̀ tí kò bá lè dúró kò gbọdọ̀ jáde. Àmọ́ ìbéèrè tí àwọn alátakò kì í dáhùn ni pé kí ló máa rọ́pò rẹ̀? Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí náírà wá iye rẹ̀ lọ́jà ní June 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,500 kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé ìdajì. Tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ wá di ohun tí olówó ń rà. Ẹni tí wọ́n bá gba 504 lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní lọ ra Corolla tuntun. Ọ̀kadà ni yóò gùn, tàbí kó kó sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù pẹ̀lú iṣu, èmi ò sì mọ ẹni tó máa sọ pé ìyẹn dín ewu kù.

Ti ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ń dà sílẹ̀ jẹ́ òótọ́ pátápátá, bátìrì tó fọ́ náà bẹ́ẹ̀. Ojútùú tí ìjọba sábà máa ń mú wá ni kí wọ́n kó gbogbo mẹkáníìkì lọ sẹ́yìn odi, síbi tí wọ́n ń pè ní mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì. Ní ìpínlẹ̀ Ímò tí wọ́n ti ṣe é tipẹ́, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ ilẹ̀ irú ibẹ̀ wò bá òjé àti àwọn irin olóró mìíràn nínú rẹ̀. Kíkójọ kò pa ìdọ̀tí, ó kàn kó o síbì kan. Èyí tó tún ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ ọ̀fẹ́ lábẹ́ igi ni ọ̀gá fi ń gba ọkọ̀ tó dúró mọ́ra. Bí wọ́n bá gbé e síbi tí ó ti ń san owó ilẹ̀ lóṣooṣù, ọkọ̀ olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ní Kumasi ní Gánà, Suame Magazine di ibi ńlá tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń ṣe ọkọ̀, àǹfààní sì pọ̀ níbẹ̀, torí irin tí o bá ń wá ò jìnnà. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá ló bí Suame. Èèyàn kò lè gbé e wá sí Ọ̀yun.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé yóò pa ṣọ́ọ̀bù kékeré. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojú ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì kún ọ̀nà wa báyìí. Rìwáyà tó gbọ́n ti ra skánà. Ìṣòro rẹ̀ ni ìmọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi pamọ́. Yúróòpù fi òfin pàṣẹ ní 2002 pé kí wọ́n jẹ́ kí mẹkáníìkì tó dá dúró rí ìmọ̀ àtúnṣe gbà, àwọn olùdìbò Massachusetts ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní November 2012, ìlànà irú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní July 2021. Ìjọba tiwa náà lè ṣe é. Bí wọ́n bá ṣe é, ìṣòro skánà á rọ̀.

Ìṣòro tó wà nínú ilé iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kò ní rọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn mi ti gbọ́dọ̀ dojú kọ ara rẹ̀. Àsìkò ta ni ṣọ́ọ̀bù ń tà? Àsìkò ọmọ iṣẹ́ ni. Ọmọ tí òbí rẹ̀ mú wá, tó máa lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, tí kò gba owó oṣù, àfi owó oúnjẹ àti ohun tí oníbàárà bá fún un, títí ọjọ́ òmìnira tí wọ́n á gbàdúrà fún un. Òun ló ń fọ pààtì pẹ̀lú epo bẹntiróòlù, òun ló ń ha ìpẹtà, òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ tó dúró fún ọdún méjì má jẹ́ àdánù fún ọ̀gá. Wọ́n lè sọ pé ẹ̀kọ́ ló fi ń gba owó rẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ níwọ̀nba: ọmọ tí kò tíì mọ sípánà mẹ́rìnlá yàtọ̀ sí mẹ́tàdínlógún kò tíì ṣe iṣẹ́ tó tó owó. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹta, ó ti ń dá ẹ́ńjìnnì tú, ó ń dá a dì, síbẹ̀ owó iṣẹ́ ṣì ń lọ sápò ọ̀gá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó sì máa jíṣẹ́ owó ojoojúmọ́ mọ ìṣirò yìí dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń kùn pé àwọn ò rí ọmọ iṣẹ́ mọ́.

Nítorí náà, bí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwárà tàbí ti àpapọ̀ bá fẹ́ ran ṣọ́ọ̀bù kékeré lọ́wọ́, kó má fi ilẹ̀ àti ògiri bẹ̀rẹ̀. NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìpèsè iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ti ń fi ọ̀dọ́ sábẹ́ ọ̀gá láti kọ́ṣẹ́, ètò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ NSQ tó wà lábẹ́ NBTE, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, sì lè fún ẹni tó mọṣẹ́ níwèé ẹ̀rí láìsí pé ó lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, bí téréèdì tẹ́ẹ̀sì ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n so méjèèjì pọ̀: owó oṣù kékeré fún ọmọ iṣẹ́ láti ọdún kejì, kí ọ̀gá náà san apá kan nínú rẹ̀, kí Pọlitẹ́kíníìkì Àpapọ̀ tó wà l'Ọ́fà láti 1992 sì máa rán olùkọ́ àti skánà jáde lọ bá wọn lábẹ́ igi dípò kó máa retí wọn nínú kíláàsì. Owó iṣẹ́ á lé díẹ̀, kò sí àní-àní. Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì yẹn á wá fi oṣù mẹ́rìnlá san owó iṣẹ́ tó ti ń fi mẹ́wàá san, ó sì ṣeé ṣe kó gbà, torí ohun tó wá rà lọ́wọ́ ọ̀gá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n má lé òun.