Ìbọn Ìléwọ́ Kékeré: Rírà Rẹ̀, Dídán Rẹ̀ Wò, àti Òfin tí ó Dè É

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó kan ẹ̀mí, ó kan òfin, ó sì kan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú.

Ní agbègbè Àkókó, kò sí bí olùkọ́ tí ń gbé Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà ṣe lè ṣe é tí kò ní rìnrìn àjò. Bí kò bá gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀wọ̀, yóò gba ibẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ojú ti rí ní ìhà ibẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n lójú ọ̀nà ní Elégbẹ́ka. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n ya wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40. Lẹ́yìn irú nǹkan báyìí, kò yani lẹ́nu bí ẹnìkan bá ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé: ‘Bí mo bá ra ìbọn kékeré kan tí mo fi sí àpò ńkọ́?’ A kò ní fi ẹni tí ó bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a ó ṣe ni pé a ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fínnífínní.

Kí ni a ń pè ní ìbọn ìléwọ́ kékeré? Ìbọn tí ọwọ́ kan lè gbé, tí ó sì lè wọ àpò ṣòkòtò láìhàn sí ẹlòmíràn ni. Irú rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní nǹkan bí ọdún 1906 ni ilé-iṣẹ́ FN ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í tà èyí tí John Browning ará Amẹ́ríkà yà, tí kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 11 lọ. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Ruger ní Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n pè ní LCP jáde. Bí kò bá sí ọta nínú rẹ̀, kò wúwo ju nǹkan bí gírààmù 270 lọ, ọta mẹ́fà ni ó sì ń wà nínú àpò ọta tí a ń tì bọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi kókó kan sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: nítorí àtifi pamọ́ ni wọ́n ṣe dín irú ìbọn yìí kù. Kì í ṣe nítorí pé yóò rọrùn láti fi bá ohun tí a dojú rẹ̀ kọ.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, òfin fi àyè gba ríra irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé ìtajà tí ó ní ìwé àṣẹ yóò kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò sì yẹ ìwà àtẹ̀yìnwá rẹ̀ wò bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí. Òfin Brady ti ọdún 1993 ni ó fi èyí lélẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìbọn ìléwọ́ jáde fún ààbò ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ń béèrè ìwé àṣẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ní ilẹ̀ Scotland, ní oṣù kẹta ọdún 1996, ìjọba fi òfin ọdún 1997 gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá, èyíinì ni ààbò, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ra ìbọn ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá gbọ́n, kò ní fi í sápò lọ́jọ́ tí ó rà á. Yóò kọ́kọ́ gbé e lọ sí pápá tí a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, níbi tí wọ́n ti fi páálí kọ́ sí ọ̀ọ́kán, tí ògiri tàbí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ láti gba ọta. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́ni níbẹ̀ ni yóò sọ fún un pé kí ó yin ọta bí 200 kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Kí ni ó ń wá nínú gbogbo ariwo yẹn? Nǹkan mẹ́ta ni.

Èkínní ni bóyá ìbọn náà kì í há. Nínú irú ìbọn yìí, agbára ọta tí a yìn ni ó ń ti ìdérí ìbọn sẹ́yìn, tí ó ń ju àkópọ̀ òfìfo dànù, tí ó sì ń fa ọta tuntun wọlé. Nítorí pé gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ kéré, ìdọ̀tí díẹ̀, ọta tí kò bá a mu, tàbí ọwọ́ tí kò dì í mú ṣinṣin lè mú kí ó há. Ìbọn tí ó há nígbà tí a nílò rẹ̀ kò sàn ju òkúta lọ.

Èkejì ni bóyá ẹni tí ó ni ín lè fi bá ohun tí ó fojú sùn. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ gbọ́ èyí. Ká ní àmì ìfojúsùn ti ẹ̀yìn àti ti iwájú jìnnà sí ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 lórí ìbọn ìléwọ́. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ ní mìlímítà kan péré, ọta yóò yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 tí ó bá fi dé mítà 10. Lórí ìbọn gígùn tí àmì rẹ̀ jìnnà sí ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 50, àṣìṣe kan náà kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Nísinsìnyí, ẹ ro ti ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nínú mọ́tò akérò tí ó kún fọ́fọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní yẹ̀ ní mìlímítà kan ṣoṣo. Bí ó bá yẹ̀ ní mẹ́ta, ọta yóò fi ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà yẹ̀, ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá ni yóò sì gbà á.

Ẹ̀kẹta ni bóyá ọwọ́ rẹ̀ lè gba ìtasẹ́yìn rẹ̀. Òfin kẹta ti Newton tí a ń kọ́ ọmọ iléèwé ni ó ń ṣiṣẹ́ níbí: bí ọta ti ń lọ síwájú ni ìbọn ń ta sẹ́yìn. Bí ọta kan náà bá jáde láti inú ìbọn tí ó wúwo ní gírààmù 2,700 àti èyí tí ó wúwo ní 270, ìyára tí kékeré fi ń ta sẹ́yìn tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ńlá. Nítorí náà, fífúyẹ́ tí ó mú kí ó dùn ún gbé lápò ni ó mú kí ó ṣòro láti yìn. Ẹni tí kò bá yìn ín rí kò lè mọ èyí.

Dídánwò tilẹ̀ lè má tó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008 kan náà, Ruger ní kí àwọn tí ó ra LCP dá àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe padà fún àtúnṣe, nítorí pé bí ó bá já bọ́ sórí ilẹ̀ líle nígbà tí ọta wà nínú rẹ̀, ó lè dún fúnra rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó rà á ní ibi tí ó yẹ ní nọ́ńbà lára ìbọn rẹ̀, ó ní ilé-iṣẹ́ tí yóò ké sí, ó sì ní ibi tí yóò dá a padà sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Òfin lórí ìbọn ní Nàìjíríà, ti ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àwọn tí a kà léèwọ̀: bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́, títí kan ti àtijọ́ tí a ń fi òkúta ìṣáná yìn. Kò sí ẹni tí ó lè ní èyí láìgba àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ọ̀nà kejì ni ìbọn ọdẹ òyìnbó àti ìbọn afẹ́fẹ́, tí ọlọ́pàá lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ lé lórí. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà tí a ń ti ẹnu rọ ẹ̀tù sí, tí òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tó ọdún 17 ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tí a bá ká ìbọn ìléwọ́ mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí òfin yìí là sílẹ̀ fún un kò dín ní ọdún 10.

Ìtumọ̀ èyí ni pé kò sí ilé ìtajà kan ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà, tàbí ní ibòmíràn ní Nàìjíríà, tí ará ìlú lè wọ̀ ní ọ̀sán gangan láti ra ìbọn ìléwọ́. Kò sì sí pápá tí ó lè gbé e lọ láti dán an wò. Ẹni tí ó bá rà á, inú òkùnkùn ni ó ti rà á. Ó lè jẹ́ èyí tí a fi páìpù omi rọ, tí a kò ṣe irin rẹ̀ láti gba agbára ẹ̀tù, tí ó sì lè bẹ́ mọ́ ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ èyí tí a ti fi pa ènìyàn rí, tí ẹjọ́ ìpànìyàn sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá gbé e lọ sínú igbó láti yìn ín, ariwo rẹ̀ yóò pe ọlọ́pàá àti ọdẹ. Nítorí náà, kò ní yìn ín. Ọjọ́ tí ewu bá dé gan-an ni yóò jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí yóò fa apátí rẹ̀. Ohun tí à ń sọ kò ju èyí lọ: ìbọn tí a kò lè dán wò ní gbangba kò lè jẹ́ ààbò.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n òyìnbó nìkan. Nígbà ogun Kírìjì, tí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ wáyé ní ọdún 1886, Àkókó wà nínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀. Ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n rà láti Èkó ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó wọlé. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò wá pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ ogun. Ọdẹ gidi náà mọ ìwọ̀n ẹ̀tù tí ìbọn rẹ̀ ń gbà, ó mọ ibi tí ó ń tẹ̀ sí, kì í sì í kọ ẹnu rẹ̀ sí ènìyàn.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé: ‘Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ òfin, àwọn ajínigbé kò bìkítà fún òfin. Ṣé kí a káwọ́ gbera ni?’ Ìbéèrè náà tọ́, ó sì dunni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, ‘Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun?’ Agbébọn tí ó rí ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ rẹ kò ní dúró wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Òun náà yóò yìn. Ìbọn gígùn sì ni ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà nínú igbó. Ẹni tí ó lè jẹ́ pé owó nìkan ni wọn ìbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀ràn ẹ̀mí, fún ara rẹ̀ àti fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀.

Bí kò bá sí lójú ọ̀nà, ibo ni ìbọn náà yóò wà? Yóò wà nínú báàgì olùkọ́ ní yàrá ìkàwé, tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Èyí ni ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá jù.

Kí ni ó kù tí a lè ṣe? Ẹni tí ó ní oko tàbí tí ó ń ṣọdẹ, kí ó tọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ, kí ó béèrè ìwé àṣẹ fún ìbọn tí òfin gbà. Ẹni tí ń rìnrìn àjò, kí ó bọ́ sọ́nà ní òwúrọ̀, kí ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó bá àwọn ẹlòmíràn rìn, kí ó sì jẹ́ kí ilé mọ ọ̀nà tí ó gbà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn láti ọdún 2020. Àwọn ará ibẹ̀ ni ó mọ igbó àti àpáta Àkókó. Kí a máa sọ ohun tí a bá rí fún wọn àti fún ọlọ́pàá. Bí ẹ̀ṣọ́ kò bá tó lójú ọ̀nà, ẹgbẹ́ olùkọ́ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohùn tí ó dún ju ìbọn àpò lọ, bí wọ́n bá pa á pọ̀ béèrè lọ́wọ́ ìjọba.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè gbé ìṣirò ìfojúsùn àti ti ìtasẹ́yìn tí a ṣe yìí lọ sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ ṣe é fúnra wọn pẹ̀lú rúlà àti bébà. Kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì yé tọmọdé tàgbà.