Kí owó ọjà má baà di jíìpù: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò yẹ̀ wò kó tó ra mọ́tò ńlá tòkunbọ̀ fún ìdílé ẹ̀

Kò sí oníṣòwò tí ọjà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà dáadáa tí kì í wù kó gun jíìpù. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí nìkan. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta, tí ìyá ẹ̀ tún ti kúrò lábúlé wá bá a gbé, mọ̀ pé tí gbogbo wọn bá há ara wọn mọ́ inú mọ́tò kékeré lọ́jọ́ Àìkú, ẹnì kan ní láti jókòó lé ẹlòmí-ìn lẹ́sẹ̀. Títì wa náà ò ṣàánú mọ́tò tó sún mọ́lẹ̀. Kòtò tí jíìpù máa gbà kọjá wẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni mọ́tò kékeré ti máa fi ikùn họ ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní jíìpù lòun fẹ́ẹ́ rà fún àwọn ọmọ òun, kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń ṣírò owó tí wọ́n máa fi ra mọ́tò, wọn kì í ṣírò owó tí mọ́tò náà máa jẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán. Nígbà tọ́rọ̀ bá wáá dójú ẹ̀, inú owó ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń ti ọwọ́ bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀gá onítẹ̀wé kan ní Ṣómólú, l'Ékòó, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ti ń tọ́jú owó láti ọdún mẹ́rin, ó wáá gba ọjà mọ́tò lọ ní Berger. Ó rí Lexus RX 350 kan níbẹ̀, ó sì rí jíìpù kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Yúróòpù, dúdú tó ń dán gbinrin, tí ìjókòó ẹ̀ jẹ́ awọ, tí òrùlé ẹ̀ ń ṣí. Nígbà tó béèrè iye tí wọ́n ń tà wọ́n, ẹnu yà á pé jíìpù ọlọ́lá yìí ò wọ́n tó Lexus. Ó ní orí òun ló bá òun ṣe é. Ó sanwó, ó gbé e relé, àwọn ọmọ fò mọ́ ọn.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá mọ́tò náà tó ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ràkúnmí. Mẹkáníìkì ní àpò afẹ́fẹ́ tó gbé e dúró ló ti bẹ́, àti pé ẹ̀rọ tó ń fún un ní atẹ́gùn náà ti jóná. Bí wọ́n ṣe ń ṣèyẹn lọ́wọ́ ni jíà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ́ṣẹ́. Owó tó fẹ́ẹ́ fi ra bébà fún iṣẹ́ ìwé iléèwé tó gbà, ibẹ̀ ló bá lọ. Nígbà tó yá, ó ta ẹ̀rọ tó fi ń gé bébà. Onítẹ̀wé tí kò ní ẹ̀rọ ìgébébà mọ́, ó di kó máa ru iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, kó sì máa sanwó fún un. Ìdí iṣẹ́ ọkùnrin náà gan-an ni jíìpù jẹ.

MỌ́TÒ Ń GBÓ, OWÓ OHUN ÈLÒ Ẹ̀ KÌ Í GBÓ

Kí ló dé tí owó jíìpù olówó ńlá fi máa ń já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ẹ̀ ò fara sin. Ọ̀pọ̀ olówó tó kọ́kọ́ ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní tuntun lókè òkun kì í dúró di ìgbà tí àtúnṣe gidi bá bẹ̀rẹ̀. Bí àsìkò tí iléeṣẹ́ fi máa ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bá ti parí, wọ́n á tà á. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn wọn ló máa fojú winá àtúnṣe.

Mọ́tò náà lè ti já sí ìdá mẹ́wàá iye tí wọ́n rà á ní tuntun, àmọ́ àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀, jíà ẹ̀ àti kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ò bá a já wálẹ̀. Owó ohun èlò mọ́tò olówó ni wọ́n ṣì máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè rà á ní owó mọ́tò kékeré, ẹ ò lè tọ́jú ẹ̀ ní owó mọ́tò kékeré.

Náírà náà tún dá kún un. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là, dọ́là kan tó wà lábẹ́ ₦500 ní báńkì kọjá ₦1,500 nínú ọdún 2024. Ohun èlò tó ń ti òkè òkun bọ̀ ò sì lè ṣàì bá dọ́là rìn.

ÈWO LÓ ṢEÉ GBÉ?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ọmọ ìyá ni Lexus RX, Toyota Camry àti Toyota Highlander. Toyota ló ni Lexus, orí ìpìlẹ̀ kan náà tó gbé Camry ni wọ́n sì kọ́ RX àti Highlander lé. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì tó bá mọ Camry í tọ́jú kì í fi í sá fún wọn, tí ohun èlò wọn sì fi kún Ládìípọ̀ ní Mushin àti Gate n'Ìbàdàn, yálà tuntun tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní Belgium.

Síbẹ̀, wọ́n níbi tí wọ́n kù sí. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì RX 330, èyí tí wọ́n ṣe láti 2004 sí 2006, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ tó bá ti rin nǹkan bíi 145,000 kìlómítà. Tí ẹni tó ń tà á ò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ kà á sí gbèsè tó ń dúró dè yín, kí ẹ sì yọ owó ẹ̀ nínú iye tí ẹ máa san. RX 350 ti 2007 sí 2009 ò ní bẹ́líìtì yẹn, ṣéènì ló ń lò. Àmọ́ túùbù kan tó ń gbé ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ní ibi tó jẹ́ rọ́bà. Tí rọ́bà yìí bá bẹ́ lójú ọ̀nà, ọ́ìlì á dà nù, ẹ́ńjìnnì sì lè nọ́ọ̀kì kí ẹ tó rí ibi páàkì sí. Toyota ti fi onírin pààrọ̀ ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín wò ó bóyá ti yín wà lára wọn.

Ẹ ka orí àwọn ará ilé yín pẹ̀lú. Èèyàn márùn-ún péré ni RX ọdún wọ̀nyẹn ń gbà. Tí ẹ bá tó méje, Highlander ti 2008 sókè ni kí ẹ wò, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìjókòó ìlà mẹ́ta. Lexus GX 470 náà ń gba èèyàn tó bẹ́ẹ̀, egungun ẹ̀ sì le nítorí ìbátan Land Cruiser Prado ni. Àmọ́ V8 ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ náà sì ń lo àpò afẹ́fẹ́.

A ò sọ pé Range Rover tàbí Mercedes GL ò dáa. Mọ́tò tó tura ni wọ́n. Àmọ́ orí àpò afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn dúró lé, wọ́n sì ń fẹ́ mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ wọn ní pàtó àti ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà wọn sọ̀rọ̀. Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílùú yín, ẹ má bá wọn ra ìyọnu.

EPO NÁÀ Ń JẸUN

Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, bẹntiróòlù ò tó ₦200 lítà kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ń sún mọ́ ₦1,000, ibòmí-ìn tiẹ̀ ti kọjá ẹ̀. Ìwọ̀n tí àjọ EPA ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fi hàn pé tí Corolla ọdún 2008 bá máa rin 100 kìlómítà, yóò lo nǹkan bíi lítà 8. RX 350 ọdún kan náà yóò lo bíi 12, Range Rover Sport yóò sì lo bíi 17.

Ẹ jẹ́ ká fi lítà kan sí ₦1,000 kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹni tó bá ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù yóò fi ₦80,000 ra epo sí Corolla, ₦120,000 sí RX, àti ₦170,000 sí Range Rover Sport. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn jẹ́ ₦90,000 lóṣù, ìyẹn mílíọ̀nù kan ó lé ₦80,000 lọ́dún. A ò tíì ka gosiló mọ́ ọn o.

Ẹ WÁDÌÍ Ẹ̀ KÓ TÓ DI PÉ Ẹ SANWÓ

Nọ́ńbà ṣáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo ẹ̀, ẹ máa rí i nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀ àti létí ilẹ̀kùn. Ìkẹwàá nínú ẹ̀ ló ń sọ ọdún mọ́tò tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A sì ni 2010. Tí ontajà bá ní 2010 ni, tí ẹ bá 8 níbẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá nájà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé nọ́ńbà náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò kan tó ń jẹ́ VINCheck, ti àjọ NICB ní Amẹ́ríkà, máa ń sọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí àwọn abánigbófò tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n jí mọ́tò kan, tàbí pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ omíyalé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní 2005, àti nígbà tí Harvey jà ní 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye mọ́tò ló mumi ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú irú wọn sì máa ń gba ọjà gbàǹjo dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára ẹ̀. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbóòórùn ẹ̀.

Nítorí àwọn ọmọ, ẹ wo iná àpò ààbò tó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kó tàn, kó sì kú. Tí kò bá kú, nǹkan ń ṣe é. Tí kò bá tiẹ̀ tàn rárá, ó lè jẹ́ pé àpò ọ̀hún ti tú ká nínú ìjàǹbá, tí ẹnì kan sì yọ iná náà kí ẹ má baà mọ̀.

Òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ni kí ẹ lọ wò ó, ẹ mú mẹkáníìkì àti rewáyà tiyín dání, kì í ṣe ti ontajà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀ wò, kí wọ́n sì wà á dórí òkè àti sínú gosiló.

Ẹ gba ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù ẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin dè é pé mọ́tò ò gbọdọ̀ gba bodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Mọ́tò tó bá gba inú igbó wá láti Kútọnu lè dín lówó lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á lójú ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa fẹsẹ̀ rìn délé.

OWÓ ỌJÀ KÌ Í ṢE OWÓ MỌ́TÒ

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ orúkọ ohun èlò mẹ́fà sórí bébà: jíà, rédíétọ̀, ṣọ́ọ̀kù tàbí àpò afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ́yà-kọ́ńdíṣọ̀n, iná iwájú àti táyà mẹ́rin. Ẹ gbé e lọ sí Ládìípọ̀ tàbí Gate, kí ẹ béèrè owó wọn fún mọ́tò tí ẹ fẹ́ẹ́ rà gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé: bí méjì nínú wọn bá bàjẹ́ lóṣù kan náà, ṣé èrè ọjà mi lè san án, àbí ọjà fúnra ẹ̀ ni màá tà? Tó bá jẹ́ ọjà lẹ máa tà, mọ́tò yẹn ti ju agbára yín lọ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ má kó gbogbo owó ọwọ́ yín lé orí ẹ̀. Bíi ìdá mẹ́rin iye tí ẹ ra mọ́tò ló yẹ kó kù nílẹ̀ fún táyà, bátìrì, ọ́ìlì, bíréèkì àti ìwé ẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́. Owó ìbánigbófò tó kéré jù lábẹ́ òfin, tó kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000 fún mọ́tò ara ẹni ní 2023, kì í tún mọ́tò tiyín ṣe, ti ẹni tí ẹ bá gbá nìkan ló ń wò. Ẹ dá àjọ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ mọ́tò náà, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún nǹkan mí-ìn. Owó tí ẹ bá sì yá láti fi ra ọjà, ẹ má ṣe sọ ọ́ di mọ́tò. Jíìpù kì í mú èrè wálé tí ẹ máa fi san èlé.

Tí ọ̀gá onítẹ̀wé wa bá ti kọ́kọ́ dé Ládìípọ̀ kó tó lọ sí Berger, iye tí wọ́n ń ta àpò afẹ́fẹ́ nìkan ì bá ti là á lójú. Ì bá sanwó díẹ̀ sí i lórí Lexus, tàbí kó fi ọdún kan sí i rọ́jú gun mọ́tò kékeré. Àwọn ọmọ ẹ̀ ì bá fún ara wọn lẹ́yìn mọ́tò fúngbà díẹ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń san owó iléèwé wọn ì bá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, kó máa gé bébà.