Ẹrù àtijọ́ ló kún orí ẹ̀! Bí ọkọ̀ olówó gọbọi tí Amẹ́ríkà rán lọ sí Mars ṣe ń kú, tó ń jí, nígbà tó lé ní 60

Èèyàn á rìn jìnnà kó tó rí agboolé ní Èjìgbò, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò ní ẹbí kankan ní Abidjan. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Bọ́ọ̀sì ń gbéra láti ìlú náà lọ síbẹ̀, owó sẹ́fà kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wọn, ẹlòmíì nínú wọn sì gbọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìrora òbí tí kò gbúròó ọmọ ẹ̀ ní ìdálẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ fún ará Èjìgbò. Lọ́dún 2002 tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire, ìyá mélòó ló rí oorun sùn kó tó gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀?

Irú ìrora yẹn gan-an ló bá àwọn òyìnbó kan nílùú Pasadena, ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2004. Ọmọ tiwọn kì í ṣe èèyàn, ọkọ̀ ni. Ibi tó sì lọ kì í ṣe Abidjan, ayé mìíràn ni, Mars tí òun náà ń yí oòrùn po bíi tiwa yìí. Ọmọ ọ̀hún ń jíṣẹ́ fún wọn lójoojúmọ́, àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tó dákẹ́ lójijì, tí kò fọhùn mọ́.

Spirit lorúkọ tí wọ́n sọ ọkọ̀ náà, tó túmọ̀ sí Ẹ̀mí. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan ló mú orúkọ náà wá nígbà tí àjọ NASA ní kí àwọn ọmọléèwé bá àwọn wá orúkọ. Táyà mẹ́fà ló ní, kò ní dẹ́rẹ́bà, iná oòrùn ló ń lò, kámẹ́rà sì ni ojú ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, ọdún 2003, ni wọ́n fi rókẹ́ẹ̀tì gbé e kúrò láyé yìí, ọjọ́ kẹrin, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2004, ló sì gúnlẹ̀ sí Mars. Ìkejì ẹ̀, Opportunity, wà lọ́nà lẹ́yìn ẹ̀. Owó tí wọ́n ná lórí àwọn méjèèjì lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Ṣé ẹ wá rí i pé ọmọ olówó iyebíye ni?

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìdùnnú ṣubú layọ̀. Spirit ń ya fọ́tò, ó ń fi ránṣẹ́, aráyé ń wò ó. Ìgbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìn-ín-ní, ló ku bí wọ́n ṣe máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ ha òkúta kan tí wọ́n ń pè ní Adirondack, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nínú òkúta náà. Ibi tí wọ́n ti ń fún un níṣẹ́ ọjọ́ náà ni ohùn ẹ̀ ti já.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn ni òjò. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni èrìgbà ńlá tí wọ́n ń lò lọ́jọ́ náà wà, òjò àrá sì ń rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní bójú ọjọ́ bá mọ́, ó máa fọhùn. Ojú ọjọ́ mọ́, kò fọhùn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè é, ó kàn dún ráńpẹ́ bí aláìsàn tó ń mi orí lórí ibùsùn, pé òun gbọ́, kò sì sọ nǹkan kan ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rántí pé kò sí mẹkáníìkì tó lè débẹ̀. Ọ̀nà jìn débi pé tí wọ́n bá fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ayé yìí lásìkò náà, ó ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé etí Spirit, èsì náà á sì tún lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó padà. Kò sí pé ẹnì kan fẹ́ tú bóńẹ́ẹ̀tì, kò sí pé ẹnì kan fẹ́ yọ bátìrì tún un kì. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n fi lè wò ó sàn.

Ọjọ́ kẹtàlélógún ló tó lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí akólòlò. Ohun tí wọ́n sì gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ ló kó jìnnìjìnnì bá wọn. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀ ti kú, ó ti jí, ó tún ti kú, ó tún ti jí, nígbà tó lé ní 60. Bó bá ti jí báyìí, kò ní pẹ́ tó fi máa tún dákú. Èyí tó tún burú jù níbẹ̀ ni pé kò sùn lóru mọ́. Òtútù ilẹ̀ Mars kì í ṣe kékeré lóru, oòrùn kò sí níbẹ̀ tó máa fún un níná, torí náà ńṣe ló yẹ kó pa ara ẹ̀ kó lè tọ́jú bátìrì. Wọ́n ní kó sùn, kò sùn. Iná bátìrì ń lọ sílẹ̀. Pete Theisinger tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ náà kò fi bò rárá, ó sọ fáwọn oníròyìn pé àìsàn tó ń ṣe Spirit le gan-an.

Ta ló wá sà sí ọmọ ọlọ́mọ? Kò sẹ́ni tó sà sí i. Ẹrù ló wúwo jù fún un.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ fojú inú wo ìyá ọlọ́jà kan tó ní yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn, tó sì ní àtẹ níwájú. Yàrá ẹ̀yìn ni ẹrù ń sùn sí, bílẹ̀ mọ́, ẹrù ṣì wà níbẹ̀. Orí àtẹ ni wọ́n ti ń tajà, bó bá sì dalẹ́, wọ́n á palẹ̀ ẹ̀ mọ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà Spirit rí. Mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń pè ní flash ni yàrá ẹ̀yìn, 256 mẹ́gábáìtì ni. Mẹ́mọ́rì kejì, RAM, ni àtẹ, 128 mẹ́gábáìtì ni. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ kékeré lónìí ju méjèèjì pọ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lè fara da ìtànṣán burúkú tó wà lójú òfurufú kò lè ṣe fújà bíi tilé.

Wàyí o, ètò tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà náà ní òfin kan. Ní gbogbo ìgbà tó bá jí, kó tó ṣe ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ ka orúkọ gbogbo fáìlì tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn sórí àtẹ. Láti ọjọ́ tí Spirit ti kúrò láyé yìí ló ti ń kó fáìlì jọ, oṣù bíi méje gbáko ló fi wà lójú ọ̀nà. Ó tún wá dé Mars, ó ń kó ti fọ́tò àti ti òkúta lé e. Èyí tó tún burú ni pé bí wọ́n tiẹ̀ pa fáìlì kan rẹ́, àyè tí orúkọ ẹ̀ gbà nínú ìwé àkọsílẹ̀ náà kì í sún kì. Bó ṣe di pé orúkọ ẹrù nìkan fẹ́ẹ̀ gba gbogbo àtẹ nìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà náà béèrè àyè sí i, àyè kò sí. Iṣẹ́ náà dá dúró. Kọ̀ǹpútà rí i pé nǹkan ti bà jẹ́, ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ìyẹn ni pé kó pa ara ẹ̀, kó tún jí. Bó ṣe jí, òfin ní kó ka orúkọ gbogbo ẹrù. Ó kà á, àtẹ tún kún, ó tún kú. Oògùn tí wọ́n ní kó máa lò ló ń pa á!

Ohun tó máa dun èèyàn jù nínú ìtàn yìí ni pé wọ́n ti rí apá kan wàhálà náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn fáìlì ojú ọ̀nà yẹn kò wúlò mọ́. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tó dé Mars, wọ́n fi irinṣẹ́ kan ránṣẹ́ tó máa gbá wọn dànù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín irinṣẹ́ náà sí, ọ̀kan dé, ìkejì kò dé. Wọ́n ní kò burú, àwọn máa tún un fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Ọjọ́ kejìdínlógún ni Spirit dákú. Ọjọ́ kan péré ló kù!

Àmọ́ orí ló yọ wọ́n. Àwọn tó kọ ètò kọ̀ǹpútà náà ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan sílẹ̀, àṣẹ kan tó máa ní kí ọkọ̀ náà jí láì dé yàrá ẹ̀yìn rárá, kó máa lo orí àtẹ nìkan, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àbọ̀ ara ni yóò fi máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí Glenn Reeves, tó jẹ́ àgbà nídìí ètò náà, àti àwọn ẹmẹ̀wà ẹ̀ fura pé flash ni àìsàn ti wá, wọ́n fi àṣẹ yẹn ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrìnlélógún. Spirit gbọ́. Kò kú mọ́. Wọ́n ní kó sùn, ó sùn. Ẹni tó bá ti tọ́jú ọmọ tí ibà mú lóru rí ló máa mọ bí ọkàn wọn ṣe balẹ̀ tó.

Wọn kò tíì jókòó tí Opportunity fi gúnlẹ̀ sí apá ibòmíràn ní Mars lọ́jọ́ kejì ẹ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ètò kan náà ni wọ́n kọ sórí òun náà, àìsàn kan náà ló sì lè mú un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé wíwo Spirit sàn kò tó, wọ́n ní láti mọ okùnfà ẹ̀ dájú. Wọ́n ṣe irú ìdákú yẹn nínú yàrá ìdánwò wọn nílé títí wọ́n fi fojú rí i. Wọ́n pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, wọ́n fọ́ọ́màtì flash Spirit, ó di titun. Lẹ́yìn náà ló ha òkúta Adirondack tí wọ́n ti ń dúró dè. Lóṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n fi ètò tuntun ránṣẹ́ sáwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán lèyí kò tíì ronú jinlẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Therac-25, tí wọ́n fi ń fún àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ ní ìtànṣán ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ó fún èèyàn mẹ́fà ní ìtànṣán tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn kan sì bá a lọ. Ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá dúró, tó kọ ìkìlọ̀ sójú gíláàsì, àwọn tó ń lò ó a kàn tẹ bọ́tìnnì pé kó máa bá iṣẹ́ lọ, torí ó ti mọ́ ọn lára láti máa dúró. Ọ̀kan nínú àṣìṣe tó wà nínú ètò ẹ̀ ni ibi ìkànsí kan tí kò lè gbà ju 255 lọ. Bó bá ti kà á kọjá ibẹ̀, ó padà sí òdo, ẹ̀rọ náà á sì fo àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣe. Ibi tí àyè ti kún, tí kò sẹ́ni tó mọ̀, náà nìyẹn. Ti Mars pa owó, èyí pa èèyàn.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ti wọ inú gbogbo nǹkan. Ó wà nínú ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń gba owó, nínú mítà iná, nínú inverter tó ń lo oòrùn, nínú ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM ti wọ Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe, ì báà jẹ́ l'Éjìgbò tàbí ní Ìfẹ́-Ọ̀dàn, ti mọ flash àti fọ́ọ́màtì bí ẹni mọ owó. Wọ́n mọ̀ pé fóònù tí mẹ́mọ́rì ẹ̀ kún kò ní jí dáadáa. Ṣùgbọ́n pípa á ká tún un tàn kì í ṣe ìwòsàn. Nígbà tó lé ní 60 ni Spirit pa ara ẹ̀ tó tún tan ara ẹ̀, kò sàn. Ọjọ́ tí wọ́n béèrè pé kí ló kún orí ẹ̀ ló sàn.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú náà kò sì gbẹ́yìn nídìí irú iṣẹ́ yìí. Ashitey Trebi-Ollennu, ọmọ Ghana, wà lára àwọn ẹnjiníà àgbà tó ṣètò ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì InSight tó dé Mars lóṣù kọkànlá, ọdún 2018. Nàìjíríà fúnra ẹ̀ fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 sójú òfurufú lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2003. Fásitì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan l'Éjìgbò níbẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí ọmọ agbègbè náà má mọ̀ ju fífi fóònù ya fọ́tò lọ.

Spirit tí wọ́n ní kó lo 90 ọjọ́ péré lo ọdún mẹ́fà àti àbùṣe. Táyà ẹ̀ kan yarọ lọ́dún 2006, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ kiri, wíwọ́ táyà yẹn ló sì hú erùpẹ̀ funfun kan jáde lọ́dún 2007, èyí tó fi hàn pé omi gbígbóná ti wà níbẹ̀ rí. Yanrìn gbé e mì lọ́dún 2009. Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2010, ni wọ́n gbúròó ẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ṣì ń pè é lọ́dún kan ó lé lẹ́yìn ẹ̀, títí di oṣù karùn-ún, ọdún 2011, kí wọ́n tó jáwọ́. Opportunity ní tiẹ̀ rìn títí di oṣù kẹfà, ọdún 2018.

Bí wọn kò bá wá ìdí ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta tí nǹkan le yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní pé tí Ẹ̀mí fi máa bọ́.