Ẹsẹ̀ tí wọ́n dì: Ibi tó yẹ kí ọwọ́ yẹ̀ wò kó tó bàjẹ́

Bí eegun ẹsẹ̀ bá ṣẹ́, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ẹbí ni pé, ìgbà wo ni yóò jinná? Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ọmọ ìka ẹsẹ̀? Àwọn dókítà eegun nílẹ̀ Nàìjíríà ti kọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹsẹ̀ tí ìbá jinná ló di gígé, nítorí pé ọparun tí àwọn a-to-eegun fi dì í le jù. POP tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá wú sínú rẹ̀.

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ iṣan ẹsẹ̀ kò jìnnà sí awọ. Ibi méjì ni ọwọ́ ti lè kan iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn. Èkíní wà lókè ẹsẹ̀, níbi tí okùn bàtà máa ń wà. Bí ènìyàn bá gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè, iṣan líle kan yóò yọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìhà ọmọ ìka kejì, ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kìkì. Àwọn kan wà tí ara wọn le, síbẹ̀ tí tiwọn kì í lù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń wá èkejì, tó wà láàárín gìgísẹ̀ àti kókósẹ̀ inú, ìyẹn èyí tó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì.

Níwájú kókósẹ̀ yìí kan náà ni iṣan gígùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn ti ń gòkè. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà lè gbà fa omi sí aláìsàn lára bí iṣan ọwọ́ bá ṣòroó rí.

Àwọn iṣan ìmọ̀lára, tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ẹsẹ̀, tún wà níbẹ̀. Èyí tó tètè ń fara gbọgbẹ́ jù ni èyí tó yí eegun tín-ínrín ká ní ẹ̀gbẹ́ òde, nísàlẹ̀ orúnkún díẹ̀. Ẹran tó bò ó kò tó nǹkan. Bí ìdè bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun, aláìsàn kò ní lè gbé ẹsẹ̀ sókè mọ́, yóò máa wọ́ ọ nílẹ̀ ni.

Nítorí náà, kí ọmọ ìka máa hàn síta. Ẹ tẹ èékánná títí yóò fi funfun, kí ẹ sì fi í sílẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Kí aláìsàn gbé àtàǹpàkò sókè, kó sì sọ bóyá ó mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n bá fọwọ́ kan àlàfo tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ọmọ ìka kejì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí pé iṣan ṣì ń lù kó fọkàn balẹ̀. Bí ẹran inú ẹsẹ̀ bá wú, ó lè máa kú lọ nígbà tí iṣan ṣì ń lù. Àmì rẹ̀ ni ìrora tó pọ̀ jù, tí oògùn kò ràn, tó sì ń le sí i bí wọ́n bá fa ọmọ ìka. Bí ọparun ni, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn; bí POP ni, kí wọ́n sáré gbé e padà. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé fún nǹkan bíi wákàtí 6 lè má bọ̀ sípò mọ́. Eegun tí a tú ìdè rẹ̀ ṣe é tún dì. Ẹsẹ̀ tí a ti gé kò ní hù padà.